Kí A Tó Bi Ọmọ Wa ní Ìlú Ọba Léèrè Ìwé Ẹ̀rí

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín ní òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye tí a ń ta ọjà. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí a rán lọ sí òkè òkun láti kàwé ni, àti ní pàtàkì, ọ̀rọ̀ ọkàn wọn.

Nígbà tí ọmọ bá ń lọ, kò sí ẹni tí kò mọ ipa tirẹ̀ nínú wa. Bàbá a ta ilẹ̀, ìyá a kó àjọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n a yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. A ó di èlùbọ́, a ó di gàrí, a ó di ẹ̀gúsí àti irú tí a sá gbẹ. Àlùfáà a ṣe àdúà, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì a ṣe ìsìn ìdágbére, gbogbo agbo ilé a sì sìn ín dé ibi tí yóò gbé wọ ọkọ̀. Gbogbo èyí dára, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni dẹ́kun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan: nínú gbogbo ẹrù wọ̀nyí, èwo ni a dì fún ọkàn ọmọ náà? Ní ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ bá rẹ̀wẹ̀sì nínú yàrá kan ṣoṣo, ní ìlú tí kò ti ní ìbátan, kí ni a fi lé e lọ́wọ́ tí yóò fi dìde?

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ láti Èkó lọ sí Liverpool, ní ìrìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ni àárò ilé ti ń bá wọn jà. Ládípọ̀ Ṣólànkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, gúnlẹ̀ sí Ìlú Ọba ní 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Ó rí i bí àwọn onílé ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ aláwọ̀ dúdú, ó sì rí i bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti fọ́n káàkiri láìmọ ara wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1925, òun àti Dókítà Bankole-Bright, ọmọ Sierra Leone, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, dá ẹgbẹ́ tí a ń pè ní WASU sílẹ̀, èyíinì ni Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti 1929 títí di 1932 ni Ṣólànkẹ́ fi ń ká ilẹ̀ wa kiri, tí ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ ọba, lọ́wọ́ ìjòyè àti lọ́wọ́ oníṣòwò, kí ẹgbẹ́ náà lè ní ilé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1933 ni wọ́n sì ṣí ilé náà ní Camden Road. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ fi ọkàn sí èyí. Owó ìwé kọ́ ni ọkùnrin yìí wá tọrọ. Ilé ni ó wá tọrọ, ibi tí ọmọ lè gbé gbọ́ èdè ìyá rẹ̀, tí yóò rí ẹni bá jẹun, tí yóò sì rí ẹni tí yóò bi í pé, “Ṣé kò sí?” Àwọn àgbà ìgbà náà gbà pé irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ara ẹ̀kọ́, wọ́n sì tú àpò.

Ṣùgbọ́n ilé kan kò lè gba gbogbo ọmọ. Lẹ́yìn ogun 1939 sí 1945, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí i ní Ìlú Ọba, ọkàn àwọn kan sì dàrú níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti dá wọn padà sílé. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó wádìí ọ̀rọ̀ wọn ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1923, tí òun tìkára rẹ̀ sì ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Birmingham. Ohun tí ó rí yẹ kí ó mú òbí ronú. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn aláìsàn wọ̀nyí, bí wọ́n ti kàwé tó, ni ó ń bẹ̀rù pé ayé ni ó ń ṣe àwọn, pé àwọn ọ̀tá ni ó fi àjẹ́ tàbí oògùn dè wọ́n. Ẹsẹ̀ wọn wà ní ilẹ̀ Òyìnbó, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ó ń lé wọn ti ilé bá wọn lọ. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí níwájú.

Ní àkókò kan náà, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, tí ó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kọ̀wé ní 1960 nípa àìsàn kan tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nílé níbí. Wọ́n a ní orí àwọn ń gbóná, tàbí pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Ojú wọn a máa ṣú. Wọn a ka ìwé títí, ohun tí wọ́n kà kò sì ní wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra wọn ní ọpọlọ àwọn ni ó rẹ̀. Prince kíyèsí i pé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ni odindi ẹbí wà, tí ó da owó jọ, tí ó sì ń retí èrè. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Bí ìrètí ẹbí bá lè wọ ọmọ lọ́rùn tó báyìí nígbà tí ó wà nítòsí, tí ó lè wá sílé ní ìsinmi kí ó sì sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, báwo ni yóò ti wúwo tó fún ẹni tí òkun wà láàrin òun àti ilé?

Ẹ̀yin ará Ìníṣà yóò mọ ohun tí a fẹ́ fi wé e. Kí ọmọ wa tó máa lọ sí Ìlú Ọba ni àwọn bàbá yín ti mọ àjò. Ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ó gba àgbègbè wa kọjá, ó sì dé Ìlọrin ní 1908. Ìrìn-àjò di ohun ìrọ̀rùn fún ẹni tí ó ní ẹsẹ̀ ọjà. Àwọn ará Ìníṣà, pẹ̀lú àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti ìlú mìíràn, lọ ṣòwò ní Gold Coast, wọ́n dé Tamale àti ìhà àríwá ilẹ̀ náà. Oníṣòwò wọ̀nyí fi ilé sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi ará ilé sílẹ̀. Ẹni tí ó bá dé tuntun a wọ̀ sọ́dọ̀ ará ìlú rẹ̀. Wọn a kọ́ ọ ní èdè ọjà, wọn a gbé ọjà díẹ̀ fún un láti kiri. Bí ó bá ṣàìsàn ní òwúrọ̀, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ a ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Akẹ́kọ̀ọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ni ó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, òun nìkan ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó sì lè ti ilẹ̀kùn náà mọ́ra fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Lónìí ọkọ̀ òfuurufú ń ti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, nítorí náà a kò lè sọ pé jíjìn ni ó ya àjò méjèèjì sọ́tọ̀. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ọ̀kan ní ẹni tí ń ṣọ́ ọ, èkejì kò ní.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ń kan ọmọ náà lójú ayé òde òní. Èkínní ni owó. Ṣáájú ìdajì oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí náírà 460 ni ìjọba fi ń ṣírò dọ́là kan. Kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti wọ 1,500. Owó tí bàbá rò pé òun ti kó jọ tán kò wá tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ó yẹ kí ó rà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ilé iṣẹ́ ìròyìn BBC ròyìn ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà ní Yunifásítì Teesside, ní England, tí wọn kò rí owó wọn san lásìkò nítorí bí náírà ti wó. A yọ àwọn kan kúrò nínú ẹ̀kọ́, a sì ní kí wọ́n padà sí ilẹ̀ wọn. Àwọn kan nínú wọn jẹ́wọ́ pé èrò àtipa ara wọn ti wá sí àwọn lọ́kàn. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ka gbólóhùn yìí kọjá kíákíá. Àwọn tí ó sọ ọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe ìpáǹle. Ọmọ tí a sin dé ọkọ̀ bí a ti ń sin àwọn tiwa ni wọ́n.

Èkejì ni iṣẹ́. Òfin Ìlú Ọba gba akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láyè láti ṣiṣẹ́ wákàtí 20 péré ní ọ̀sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Nínú owó díẹ̀ yìí ni yóò ti san owó ilé, tí yóò ti jẹun, tí àwa náà yóò sì ti máa retí tiwa. Ẹ̀kẹta ni ojú ọjọ́. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn a ti wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, àwọn oníṣègùn sì mọ̀ pé àìrí ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa fa ìbànújẹ́ ọkàn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ̀kẹrin, láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ jùlọ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání lọ mọ́. Nítorí náà ìyá ọlọ́mọ lè wà lọ́hùn-ún tí ó ń kàwé, kí ọmọ rẹ̀ wà ní Òkukù lọ́dọ̀ ìyá àgbà, tí yóò sì máa fi ojú inú wò ó lóru.

Èyí tí ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìdákẹ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kán yóò ké. Ẹni tí ìbànújẹ́ bá dorí ọkàn rẹ̀ kodò a máa rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Láti kékeré ni ó ti ń gbọ́ pé wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ó rò pé bí òun bá dárúkọ ohun tí ń ṣe òun, wèrè ni a ó pe òun, àbùkù náà yóò sì kan àbúrò òun obìnrin tí ó ń múra ilé ọkọ. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gẹ́gẹ́ bí kì í ti í ṣe gbogbo ikọ́ ni ikọ́ ẹ̀gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo àárẹ̀ ọkàn ni wèrè. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ó sì ní ìwòsàn bí a bá tètè wí. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Nítorí náà ó yẹ kí a mọ àmì rẹ̀. Oorun tí ó dá lójú ọmọ, tàbí tí ó pọ̀ jù. Oúnjẹ tí kò wù ú mọ́. Ẹni tí ó máa ń pe ilé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí kò pè fún oṣù kan. Ẹni tí ń bínú lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ẹni tí kò lọ sí kíláàsì mọ́. Bí irú nǹkan báyìí bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ọ̀rọ̀ dókítà ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń pín ohun ìní rẹ̀ fún ènìyàn, tàbí tí ó ń tọrọ àforíjì kiri bí ẹni tí ń dágbére, tàbí tí ó wí pé ì bá sàn kí òun má sí láyé, ẹ má dúró de ọ̀la. Ní ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ wá ẹni tí yóò lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ó wà lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ díẹ̀ rè é fún yín. Ẹ wá àwọn ará ilé, ìbáà ṣe nínú ẹgbẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́sálásí, ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá dé. Ẹ má dúró títí ìbànújẹ́ yóò fi dé kí ẹ tó wá wọn. Ẹ jáde rìn nígbà tí ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ jẹun, ẹ sùn. Bí owó bá fẹ́ já, ẹ wí fún ilé-ẹ̀kọ́ kí ọjọ́ ìsanwó tó pé. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò yín ní kété tí ẹ bá dé: láti oṣù Kejì ọdún 2024, pọ́ùn 776 lọ́dún ni akẹ́kọ̀ọ́ ń san fún ètò ìlera Ìlú Ọba kí a tó fún un ní ìwé àṣẹ ìwọ̀lú, owó ìtọ́jú ọkàn sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ti ara. Ẹ ti sanwó ọjà, ẹ má fi ọjà sílẹ̀. Àwọn yunifásítì ní olùdámọ̀ràn tí kì í gba owó, tí kì í sì í ròyìn ẹni fún bàbá ẹni. Ní òru tí kò bá sí ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà àwọn Samaritans, ẹgbẹ́ tí ó ti wà láti 1953, ni 116 123. Ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru sì ni. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, 988 ni. Ẹ sì kọ̀wé sílé. Kò ṣòro jù báyìí lọ: “Bàbá mi, mo kí yín o. Ara mi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i.”

Ẹ̀yin òbí, ọwọ́ yín ni ìyókù wà. Nígbà tí ẹ bá pe ọmọ, kí ẹ tó bèèrè ìdánwò, kí ẹ tó dárúkọ owó, ẹ bi í pé, “Ọmọ mi, ṣé o ń rí oorun sùn? Ta ni o bá jẹun lánàá?” Kí ẹ sì ní sùúrù gbọ́ èsì. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo agbo ilé máa pè é lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni yìí fún páànù ilé, ẹni yẹn fún ìkómọ. Kí ẹ yan àgbà kan tí gbogbo ẹ̀bẹ̀ yóò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, tí yóò sì mọ èyí tí yóò dá dúró.

A ṣèlérí pé a ó padà sí ọ̀rọ̀ Dókítà Lambo. Nígbà tí ọmọ bá ní òun kò rí oorun sùn, ẹlòmíràn a sáré lọ bèèrè, a sì pe ọmọ náà pé, “Wọ́n ní àbúrò bàbá rẹ ni ó ń ṣe ọ́.” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwádìí rẹ̀ fihàn pé irú ẹ̀rù yìí gan-an ni ó wà lọ́kàn àwọn tí ó ti ń ṣubú. Ẹni tí ó wà nínú omi kò yẹ ní ẹni tí a ń ju òkúta sí. Ẹ gbàdúrà, ẹ sì jẹ́ kí ó gbọ́ pé ẹ ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kí àdúrà má dí i lọ́wọ́ oògùn dókítà.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni èyí tí ó wúwo jù, ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò. Ẹni tí ó ti ní ilé àti ìsọ̀ ní Tamale padà wálé pẹ̀lú ẹrù tí ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ǹjẹ́ a tì wọ́n mọ́ta bí? Ìníṣà gbà wọ́n, àwọn ìlú wa yòókù gba àwọn tiwọn. A pín yàrá, a pín ilẹ̀ oko, ọ̀pọ̀ sì tún òwò bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n pé, “Èwo ni o mú bọ̀?” Bí a bá lè gba bàbá tí ó padà lọ́wọ́ òfo láti Ghana, kí ni kò ní jẹ́ kí a gba ọmọ tí àìsàn tàbí ọ̀wọ́n pọ́ùn dá padà láti Ìlú Ọba láìní ìwé ẹ̀rí?

Àwọn kan yóò sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Àwọn baba wa fi òwe náà kọ́ wa kí a má ba orúkọ jẹ́ nípa olè tàbí ọ̀dàlẹ̀. Wọn kò pa á fún ọmọ tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Òwe tí ó yẹ kí ọmọ náà gbọ́ lẹ́nu wa, kí ó tó wọ ọkọ̀, ni pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ẹni tí ó pa á kò bèèrè bóyá iṣu ta tàbí kò ta. Bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ.

Bí ọmọ bá sì padà pẹ̀lú àárẹ̀ ọkàn, ibi ìtọ́jú wà. Dókítà Lambo yìí kan náà, láti 1954 ní Aro, Abẹ́òkúta, fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan a mú ìbátan kan dání tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò sì máa bá a lọ sí ọsibítù. Ó mọ̀ pé oògùn nìkan kò tó láìsí ẹbí. Aro ṣì wà títí di òní, Yaba wà, ọsibítù ńlá ti yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni òfin ìlera ọkàn tuntun sì ti rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó ń pe aláìsàn ní wèrè.

Ìmọ̀ràn wa fún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù nìyí: kí a kọ orúkọ gbogbo ọmọ wa tí ó wà lókè òkun sílẹ̀, kí àgbà kan máa pè wọ́n lóṣooṣù, láìbèèrè owó, kí a sì ní àpò kékeré kan tí a ó fi san owó ọkọ̀ ẹni tí ó bá ní láti wálé. Àwọn tí Ṣólànkẹ́ tọ̀ wá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. A sì lè fi ilé bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó wà ní Ìkìrun àti Òkukù, àjèjì ni ọ̀pọ̀ wọn láàrin wa. Ẹ bi wọ́n pé ṣé kò sí.

Kí Olódùmarè bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa lọ́hùn-ún, kí ó mú wọn padà bọ̀ pẹ̀lú ara líle àti ọkàn tí ó balẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀ ná.